Àmúsà, Olùṣọ́ Òkè Tútù

Bí o bá purọ́ fún àwọn ará Ọ̀kà tí wọ́n sì gbà ọ́ gbọ́, má tíì jó. Kọ́kọ́ jókòó, kí o ro ohun tí wọn yóò fi ìgbàgbọ́ náà ṣe. Àmúsà kò jókòó rò ó, bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe òmùgọ̀ ènìyàn. Ní gbogbo ilẹ̀ Àkókó nígbà náà, láti Òkè-Àgbè títí dé Ìwàrò, òun nìkan ló ti fi ojú ara rẹ̀ rí òkè tó ń tu iná, òun nìkan ló sì mọ ìdí tí òkè fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ yìí gan-an ló kó bá a.

Orí òkè ni wọ́n bí i sí, ní àdúgbò kan ní Ọ̀kà tí àwọn ilé rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àpáta bí ìgbín ṣe ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Ìbẹ̀rù àwọn Tápà ló lé àwọn baba wọn gun ibẹ̀ láyé ogun. Nígbà tí ogun náà tán, kò sẹ́ni tó rántí láti sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ń sọ̀ lọ sí oko, wọ́n ń gun òkè bọ̀ wá sùn, ẹsẹ̀ wọn sì le bí igi. Nígbà tí ogun àwọn òyìnbó wá dé Kamẹrúùn, ìjọba ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan mú géńdé wá tí yóò ru ẹrù tẹ̀lé àwọn ṣọ́jà. Àwọn àgbà pe ìpàdé, wọ́n wò yíká, wọ́n sì yan Àmúsà, nítorí pé ó ń jẹun púpọ̀, ó sì máa ń fún àgbà lésì. Wọ́n sọ fún un pé ọlá ńlá ni wọ́n dá a.

Ó ru ọta ìbọn lọ, ó ru ìrẹsì bọ̀, ogun parí, Àmúsà kò padà. Ó rí iṣẹ́ ní oko kòkó òyìnbó kan létí òkun, lẹ́sẹ̀ òkè gíga kan tí ìkùukùu kì í kúrò lórí rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó sì lọ́ràá débi pé bí o bá gbàgbé ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ síbẹ̀, yóò hu ewé. Kò sẹ́ni tó sọ fún un ohun tó mú kí ilẹ̀ náà lọ́ràá tó bẹ́ẹ̀. Òkè náà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, ní ọdún tí Àmúsà ń múra àtipadà sílé.

Ilẹ̀ kọ́kọ́ ń gbọ̀n, díẹ̀díẹ̀, tí àwo ń kan ara wọn lórí pẹpẹ. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbẹ́ òkè ya. Kì í ṣe orí rẹ̀ o, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, iná sì ń tú jáde níbẹ̀ lójú ibi púpọ̀. Òkúta yíyọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn bọ̀ wálẹ̀. Kò yára. Ohun tó dẹ́rù ba Àmúsà jù nìyẹn, pé kò yára rárá. Ó ń wọ́ bọ̀ bí àgbà ìlú tó mọ̀ pé wọn kò lè bẹ̀rẹ̀ ìpàdé láìsí òun, ó ń gbé igi kòkó mì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wọ ilé ẹ̀rọ òyìnbó láìkan ilẹ̀kùn, ó gba ibẹ̀ já sí òkun. Nígbà tó kan omi, èéfín funfun bo ojú ọ̀run, òkun ń hó, ẹja tó ti jinná sì ń léfòó wá sétí omi.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni òyìnbó mìíràn dé pẹ̀lú òòlù kékeré. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa kan òkúta, kó máa gbóòórùn rẹ̀, kó sì máa wádìí ohun tó ń bí òkè nínú. Àmúsà ló ru àpótí rẹ̀. Òyìnbó yìí fẹ́ràn ọ̀rọ̀, kò sì rí ẹlòmíràn bá sọ ọ́ ju alárùú rẹ̀ lọ, nítorí náà ó fi Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì tí àwọn méjèèjì gbọ́ ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ó ní inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún gbóná ju ààrò alágbẹ̀dẹ lọ. Níbi tó jìn gan-an, òkúta fúnra rẹ̀ ń yọ́. Èyí tó yọ́ fúyẹ́ ju èyí tó yí i ká, nítorí náà ó ń wá ọ̀nà gòkè, bí òróró ṣe ń wá ojú omi. Yóò kó ara jọ sábẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀, títí yóò fi rí ibi tí ilẹ̀ ti sán. Ibẹ̀ ni yóò gbà jáde. Èyí tó jáde tó sì tutù ni yóò di òkè, ìpele lórí ìpele, bí ìgbà tí mọlémọlé bá ń mọ ògiri. Nígbà tó bá sì pẹ́, òjò àti oòrùn á sọ ọ́ di ilẹ̀ dúdú tí àwọn olóko ń jà sí.

Àmúsà bi í pé kí ló dé tí eléyìí ń wọ́, tí kò fọ́n. Òyìnbó ní ìwà òkè kò dọ́gba. Omi iná àwọn kan ṣàn, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a sì rọra sá jáde. Ti àwọn mìíràn ki, ó le, ó dí ọ̀nà mọ́ afẹ́fẹ́ náà. Irú èyí a máa dákẹ́ fún ìran mélòó kan, àwọn ènìyàn a kọ́lé sí i lára, wọn a gbin ẹ̀wà sí i. Lọ́jọ́ kan á bú gbàù, orí òkè á fò lọ, eérú á sọ ọ̀sán di òru, ìkùukùu gbígbóná á sì sáré wálẹ̀ ju ẹṣin lọ. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé omi ló lọ bá iná lábẹ́ ilẹ̀, tí ooru omi náà sì fọ́ gbogbo rẹ̀ yángá. Àmúsà fi ìkòkò ìyá rẹ̀ túmọ̀ èyí fún ara rẹ̀: ògì tó ṣàn a máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó ki, tí wọ́n ń rò fún ẹ̀kọ, pó! ó ti ta sí ọ lápá.

Ó wá sọ fún òyìnbó nípa àpáta ìlú tirẹ̀, bó ṣe tóbi, bó ṣe dán, tí kò ní ihò kankan. Òyìnbó ní àpáta bẹ́ẹ̀ náà yọ́ rí, ṣùgbọ́n kò jáde. Inú ilẹ̀ ló ti tutù, ní sùúrù, kí òjò tó wá fọ erùpẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ láàárín ọdún tí ẹnì kan kò lè kà. Iná rẹ̀ ti kú kí ènìyàn tó dáyé. Kí Àmúsà lọ sùn lé e, kò ní jí. Ojú ti Àmúsà díẹ̀ nítorí ìlú rẹ̀.

Ó padà sí Ọ̀kà pẹ̀lú kóòtù kan, bàtà tí kò bá a mu, àti òkúta dúdú fífúyẹ́ kan tó kún fún ihò bí afárá oyin. Òkúta náà ni ẹ̀rí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé ó dára fún híha gìgísẹ̀. Ìyẹn nìkan ni wọ́n gbà nínú gbogbo ohun tó mú bọ̀.

"Òkúta ń ṣàn?" ni Ọlálérè bèèrè, ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ dàgbà. "Bí omi?"

"Bí ògì," ni Àmúsà wí.

"Ṣé wọ́n bu àkàrà tì í?"

Láti ọjọ́ náà lọ, kò tún lè kọjá níbi tí ènìyàn méjì dúró sí kí ọ̀kan má bi í pé, "Àmúsà, àkàrà dà?" Bàbá Adébíyìí, olórí àdúgbò, tí inú rẹ̀ dára jù láàárín wọn, ní kí wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀, pé ogun máa ń da orí ẹlòmíràn rú. Inú bí Àmúsà gan-an. Ó ti rí ohun tí baba ẹnì kankan níbẹ̀ kò rí, ó sì wá di ẹni tí wọ́n ń ṣàánú.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Limota ni, ọmọ Ààfáà Badmus ní Ìkàrẹ́, níbi tí Àmúsà ti ń lọ kírun Jímọ̀. Aṣọ ló ń hun. Ó gbọ́ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àti ti òkè tó ń tu iná àti ti Ọ̀kà tí iná rẹ̀ ti kú, láìdá ọwọ́ dúró lórí òfì. Ó wá bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n Àmúsà, àwọn tó ń gbé ẹsẹ̀ òkè náà ńkọ́, ṣé wọ́n padà síbẹ̀?"

"Wọ́n padà. Kí eérú tó tutù tán."

"Èmi náà ì bá padà," ni Limota wí. "Ibi tí ènìyàn ẹni bá wà ni ilé."

Ọ̀rọ̀ ńlá ni ọmọbìnrin náà sọ yìí, ṣùgbọ́n Àmúsà kò gbọ́ ọ. Ẹnu tó fi ń sọ ọ́ ló ń wò.

Ààfáà Badmus kò kórìíra rẹ̀. Ó ní ọmọlúàbí ni, ó mọ ìrun kí, kóòtù náà sì yẹ ẹ́. "Ṣùgbọ́n ọmọ mi kò ní máa gun àpáta bí alángbá," ló wí. "Sọ̀ kalẹ̀ wá, kí o kọ́lé sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ bí ọmọ ènìyàn, mo fún ọ ní Limota."

Ó rọrùn lẹ́nu ni. Ní àdúgbò Àmúsà, ẹnì kan kì í dá sọ̀. Òfin ayé ogun ni: bí a ó bá sọ̀, gbogbo wa ni; ẹni tó bá dá sọ̀ ti fi ẹ̀yìn àwọn tó kù han ọ̀tá, kò ní oko mọ́, kò ní ẹbí mọ́, wọn kò sì ní sin ín tì baba rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó pàápàá ti wá. Wọ́n gbé e dé ìdajì òkè, ẹsẹ̀ àwọn tó gbé e sì ń gbọ̀n. Ó ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá síbi tí ọ̀nà yóò gbà, tí omi wà, tí ìjọba yóò ti máa rí wọn. Bàbá Adébíyìí dúpẹ́ púpọ̀, ó ní àwọn ti gbọ́, ó sì fún un ní òbúkọ. Ajẹ́lẹ̀ rò pé wọ́n ti gbà. Wọ́n sìn ín títí dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì padà gòkè lọ sùn.

Bí ìjọba kò bá rí wọn sọ̀, kí ni Àmúsà alákàrà fẹ́ ṣe? Ó bẹ̀bẹ̀, ó sọ̀rọ̀ omi, ó sọ̀rọ̀ ọ̀nà, wọ́n bi í léèrè àkàrà. Limota sì ti dàgbà tó ilé ọkọ, ó sì dá a lójú pé Ààfáà kò ní dúró dè é títí ayé. Oorun ń dá lójú rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ ni irọ́ náà dé. Bí wọ́n bá fẹ́ fọ́ àpáta lórí òkè yẹn, òòlù kọ́ ni wọ́n ń lò. Wọ́n á kó igi jọ sórí rẹ̀, wọ́n á dáná sí i títí àpáta yóò fi gbóná janjan, wọ́n á wá da omi tútù lù ú, pàà! yóò sán. Bí àwọn baba wọn ti ń ṣe é nìyẹn. Kò sí ilé tí òkúta bẹ́ẹ̀ kò sí ní ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ọlálérè àti àwọn mìíràn ló ń ṣe é lọ́jọ́ náà, Àmúsà sì dúró, ó ń wò wọ́n. Bí àpáta ti dún ni ọgbọ́n dé.

"Ọlálérè," ló wí, "iná tí ẹ ń dá yìí, ibo ló ń lọ?"

"Ó ń kú ni."

"Igi ló kú. Ooru tó wọ inú àpáta ńkọ́? Ṣé o rí i nígbà tó jáde?"

Ọlálérè la ẹnu láti béèrè àkàrà, ó sì tún pa á dé. Ó wo àpáta. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀rọ̀ ti dé ojú ilé gbogbo. Wọ́n pe ìpàdé, wọ́n sì ní kí Àmúsà wá tún ìtàn Kamẹrúùn sọ, èyí tí wọ́n ti gbọ́ títí ó fi sú wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó sọ gbogbo rẹ̀ bí òyìnbó ti sọ ọ́, òkúta tó ń yọ́, afẹ́fẹ́ tó há, èyí tó ṣàn àti èyí tó ki. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àfi ẹyọ kan tó fi sí àárín bí òkúta nínú ẹ̀wà: pé iná tí wọ́n ti ń dá sórí àpáta láti ìran dé ìran ti kó ara jọ sínú rẹ̀.

"Tiwa kì í ṣe irú èyí tó ń ṣàn," ló wí. "Tiwa ki. Ẹ kò rí i bó ṣe dákẹ́?"

Gbogbo wọn fetí sílẹ̀. Òkè náà dákẹ́ lóòótọ́. Ẹ̀rù bà wọ́n. Ìyá àgbàlagbà kan ní òun ti mọ̀ tipẹ́, pé bí òun bá sùn sórí àpáta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀yìn òun máa ń gbóná. Gbogbo wọn ni ẹ̀yìn wọn ń gbóná; oòrùn tó fi gbogbo ọ̀sán pa àpáta kò sí níbẹ̀ láti wí tẹnu rẹ̀.

Bàbá Adébíyìí ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. "Ọmọ mi, uná tí bàbá mi dá, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, bàbá. Tiwọn ló wà nísàlẹ̀ pátápátá."

Omi bọ́ lójú àgbàlagbà náà. Àánú rẹ̀ ṣe Àmúsà, ó fẹ́ẹ̀ fẹ́ sọ òótọ́, ó wá rántí Limota.

Wọ́n sọ̀. Ohun tí ogun tó tán kò lè ṣe, tí Ajẹ́lẹ̀ kò lè ṣe, irọ́ kan ṣe é láàárín ẹ̀ẹ̀rùn kan. Wọ́n ru ìkòkò, wọ́n ru ilẹ̀kùn, wọ́n gbé àwọn arúgbó sẹ́yìn. Ajẹ́lẹ̀ gbọ́, inú rẹ̀ dùn, ó yin ògbufọ̀ rẹ̀ pé ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ òun dáadáa. Àmúsà gba ilẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà Ìkàrẹ́, ó po amọ̀, ó mọ ilé rẹ̀ dé ojú fèrèsé. Kò sẹ́ni tó béèrè àkàrà mọ́. Ọlálérè gan-an ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ibi tó ti ń po amọ̀ ni àwọn àgbà ti wá bá a.

"A ti rò ó," ni Bàbá Adébíyìí wí. "Uná àwọn baba wa ni, a kò lè fi í sílẹ̀ láìní olùtọ́jú. Oko wa sì wà lẹ́sẹ̀ òkè. Bí ó bá fẹ́ bú, ó yẹ kí ẹnì kan gbọ́ kí ó tó bú. Ta ló mọ ìwà rẹ̀ bí kò ṣe ìwọ? A fi ọ́ jẹ Olùṣọ́ Òkè. Padà gòkè lọ. A ó máa gbé oúnjẹ wá."

Amọ̀ bọ́ lọ́wọ́ Àmúsà. Ó dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ forí jì mí. Irọ́ ni mo pa. Òkè yẹn tutù. Òyìnbó sọ fún mi, kò ní bú láéláé."

Wọ́n wo ara wọn. Bàbá Adébíyìí rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ kàn án léjìká. "Ẹ̀rù ń bà á," ló wí fún àwọn yòókù. "Kò burú. Ẹ̀rù á ba ẹni tó bá mọ nǹkan."

"Urọ́ ni mo pa, mo fi Ọlọ́run búra!"

"Àmúsà," ni Ọlálérè wí, "nígbà tí o ń pa urọ́, a mọ̀. Nígbà tó o wá sọ òótọ́ nípa uná yìí, a mọ̀. Má fi wá ṣeré."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò lé e bá. Wọn kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí òótọ́ bá lé e bá tán, tí kò sì sí ẹni tó dá òótọ́ mọ̀. Bí Àmúsà bá sì kọ̀, òfin àdúgbò wà níbẹ̀, kò ní ní oko, kò ní ní ẹbí. Ó gòkè lọ, ó ń gbé láàárín àwọn ilé tó ti ṣófo, ó ń ṣọ́ àpáta tí kò ní ibi kankan tó ń lọ.

Ààfáà Badmus dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní òun kò yẹ àdéhùn: ilé pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni òun sọ, òun kò rí i. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ ilé parí ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni Ọlálérè, tó ti ń jẹ́ Láwàl láti ọjọ́ tó ti fojú kan Limota.

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọn yóò gbé e relé ọkọ, Limota gun òkè wá. Ọ̀sán gangan ni. Kò wọ bàtà, kò sì mí hẹlẹhẹlẹ. Àmúsà jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó dìde pẹ̀lú ìtìjú.

"Ẹ̀gbọ́n Àmúsà, ẹ kú ìṣọ́. Ṣé yóò bú?"

"Kò ní bú. Irọ́ ni mo pa."

"Mo mọ̀. Ẹ ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé iná rẹ̀ ti kú." Ó jókòó sórí àpáta, ó na ẹsẹ̀. "Nígbà tí mo gbọ́ pé gbogbo àdúgbò ń sọ̀ kalẹ̀, mo ní kí ló ṣe wọ́n? Kí ló dé tí ẹ pa á?"

"Nítorí rẹ ni. Bàbá rẹ ní o kò lè máa gun òkè."

Limota wo ẹ̀yìn, ó wo ọ̀nà tó gbà wá. "Bàbá mi ni kò lè gùn ún," ló wí. "Orúnkún ń dùn wọ́n. Èmi ńkọ́, ṣé ẹ bi mí?"

Àmúsà kò bi í. Ó ti bi òyìnbó ní ọ̀rọ̀ òkúta, ó ti bi Ọlálérè ní ọ̀rọ̀ iná, ó ti bẹ gbogbo àgbà Ọ̀kà. Kò bi Limota ní nǹkan kan rí.

"Òfin yín ni pé ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ dá sọ̀," ni Limota wí. "Kò sí òfin pé ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ gòkè. Ǹ bá ti gòkè wá láti ọdún tó kọjá. Ǹ bá sọ fún bàbá mi, wọn ì bá bínú, wọn ì bá sì rọ̀."

"Bí mo bá bi ọ́ nísinsìnyí ńkọ́?"

Limota wò ó. Ojú rẹ̀ kò le, ìyẹn ló sì burú jù. "Wọ́n ti ṣe àdúrà sí i," ló wí. "Ẹ ti mọ̀ bí àwọn ènìyàn wa ṣe rí. Ohun tí wọ́n bá ti gbà gbọ́, wọ́n ti gbà á gbọ́."

Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run máa ṣọ́ olùṣọ́. Ó sì sọ̀ kalẹ̀ lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àpáta náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, láìdi nǹkan kan mú. Àmúsà ń wò ó títí ó fi kéré, títí kò fi rí i mọ́. Ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ fi tọkàntọkàn fẹ́ kí òkè Ọ̀kà bú.